Lipo àbí tummy tuck: bí mo ṣe yan èyí tí mo ṣe

Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè kàwé gígùn lè máa lọ. Tummy tuck, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ ikùn tó rọ̀, tí wọ́n sì ń rán iṣan pọ̀, ni mo ṣe, kì í ṣe lipo tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá jáde, bó bá sì dọ̀la mo tún lè ṣe é. Àmọ́ ẹ má torí tèmi sáré lọ ṣe tiyín o. Ohun tó gbé ikùn yín jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: ṣé ọ̀rá ni, ṣé awọ tó ti rọ̀ ni, àbí iṣan tó ti yà sọ́tọ̀?

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, CS sì ni méjì nínú wọn. Lẹ́yìn ìkẹta, ikùn kọ̀, kò wọlé. Ìyá mi fi omi gbígbóná àti tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ títí, mo gbàjá, mo mu tíì oríṣiríṣi, mo ra waist trainer. Mo fọn lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé, eegun ọrùn yọ, ikùn ṣì jókòó sáyè ẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Sábó rí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!" Àbígbẹ̀yìn mi ló di ọwọ́ mi mú yẹn, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, tó ń já búrẹ́dì jẹ. Mo ṣe àmín. Kí ni kí n wí?

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo wò, ẹ̀rọ tó ń fi òtútù pa ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò. Kò sí abẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ á gbá ọ̀rá mú, òtútù á pa á, ara á máa kó o dànù díẹ̀díẹ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ọ̀rá díẹ̀ tó dúró sójú kan ló wà fún, kò mọ nǹkan kan nípa awọ tàbí iṣan. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà lè wú, kó sì le, dípò kó kú. Ohun tí Linda Evangelista, módẹ́ẹ̀lì ayé ọjọ́un, pariwo síta ní 2021 nìyẹn.

Lipo ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Wọ́n á fa omi tí òògùn apàrora wà nínú rẹ̀ sábẹ́ awọ, wọ́n á dá ihò kéékèèké, wọ́n á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fa ọ̀rá jáde. Ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Agric ṣe é. Kò tíì bímọ, awọ ẹ̀ ṣì le dáadáa, ikùn ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ihò ọ̀hún ò sì fara hàn mọ́. Mi ò ní bu lipo kù. Àmọ́ awọ tí oyún ti fà gùn, lipo kì í dá a padà. Bí wọ́n bá fa ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ tán, ó tún lè máa rọ̀ dirodiro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rá tó yí ìfun ká nínú lọ́hùn-ún ńkọ́? Ọ̀pá lipo kì í débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún baálé mi, tó ti ń fọgbọ́n béèrè iye tí wọ́n ń gbà, pé ikùn ọtí tirẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín kúrò.

Ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe é lápá Island bí mi nínú. Orí WhatsApp ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa: mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n dá iye lé e, wọ́n ní kí n san àsansílẹ̀ kí àyè má baà bọ́. Dókítà kankan ò tíì fọwọ́ kàn mí o! Wọ́n tún fi BBL kún un ní ẹ̀dínwó, pé ọ̀rá tí wọ́n bá fà nínú ikùn yóò wọ ìdí. Ìdí mi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Bí ọ̀rá yẹn bá sì ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà nínú ẹran ìdí, ó lè gba ibẹ̀ dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń pa èèyàn. Mo pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́ lórí fóònù.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè owó, mo máa ń béèrè ìwé. Ṣé HEFAMAA, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn ní Èkó, mọ ilé ìwòsàn yìí? Ṣé orúkọ dókítà wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀? Ṣé ó ní FWACS tàbí FMCS, ìwé ẹ̀rí àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ, nínú iṣẹ́ abẹ irú èyí gan-an? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí ti dáhùn nìyẹn. Ìgbòbí, LUTH àti LASUTH ní àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí, bó bá jẹ́ pé ti ìjọba lẹ fẹ́.

Ọ̀dọ̀ dókítà kan lápá Ìkẹjà ni mo ti rí ìdáhùn. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n ká orúnkún, kí n gbé orí nìkan sókè. Bí mo ṣe gbé e ni àárín ikùn mi yọ ṣóńṣó. Ìka rẹ̀ mẹ́ta wọlé lókè ìdodo, láàárín iṣan méjèèjì. Ó mú ọwọ́ èmi náà, ó fi síbẹ̀. Mo ti ń fi waist trainer fún ibẹ̀ látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé àlàfo ni! Oyún ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn fisiọ́, torí eré ìdárayá wọn máa ń ran ẹlòmíì lọ́wọ́ dáadáa. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí fúyẹ́ níbẹ̀, àmọ́ àlàfo náà ò pa dé.

Mo béèrè mini tummy tuck, torí pé ojú abẹ rẹ̀ kéré. Ó ní ìsàlẹ̀ ìdodo nìyẹn ń tún ṣe, òkè ni wàhálà tèmi pọ̀ sí. Ti odindi ni wọ́n ti ń la ìsàlẹ̀ ikùn láti ìbàdí dé ìbàdí, wọ́n á ṣí awọ dé abẹ́ ìhà, wọ́n á rán iṣan méjèèjì pọ̀, wọ́n á gé awọ tó ṣẹ́ kù, wọ́n á sì dá ojú tuntun fún ìdodo. Ó bi mí léèmejì bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ, torí oyún mìíràn lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo ní ilé ìtajà ọmọ ti kógbá sílé.

Ìrora ńkọ́? Ó ń dùn o, ẹni tó ní kò dùn ń purọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe é tán ni wọ́n ti gbé mi dìde pé kí n máa rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́sẹ̀ kó sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Mo ká kò bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Rọ́bà méjì ń fa omi ara mi sínú ike. Àràárọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n, tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, ìgbà tó sì wálẹ̀ dáadáa ni wọ́n tó yọ wọ́n. Mi ò tètè padà sí Ìkòròdú. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Onípaanu ni mo wà, torí gbogbo kòtò ọ̀nà ilé ni ojú abẹ máa mọ̀ lára. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé mi, ìrọ̀rí ni mo ń dì mọ́ ikùn. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní kí n má fi gbé nǹkan wúwo. Ẹ wá fi faja, aṣọ afúnkùn yẹn, kún un nínú ooru tí NEPA mú iná lọ: ara ń yún mi, mo ń ṣépè.

Owó ẹ̀ wọ mílíọ̀nù, HMO, adójútòfò ìlera, ò sì san kọ́bọ̀. Ẹ bèèrè bóyá iye tí wọ́n dá kan òògùn, faja àti àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Tèmi ò kan faja.

Báyìí, ìró mi ń dúró lójú kan, búláòsì sì jókòó dáadáa. Ìsàlẹ̀ ìdodo ṣì kú tipiri, bí mo bá họ ọ́ mi ò mọ̀ ọ́n lára. Àpá náà gùn, abẹ́ pátá ló wọ̀, kò wú bí mo ṣe ń bẹ̀rù, torí awọ àwa ènìyàn dúdú lè tètè wú lójú ọgbẹ́. Etí ẹ̀ lápá ọ̀tún nìkan ló yọ gọ́ńgọ́. Dókítà ní abẹ́rẹ́ apàrora lásán lòun máa fún ibẹ̀, tóun á sì gé e kúrò. Mo ṣì ń rò ó.