Yàrá ìfọṣọ tó máa ń rin: ọ̀dà wo ló yẹ kí ẹ rà?

Kí ẹ tó béèrè orúkọ ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Omi lè máa ti inú ògiri jáde, bóyá páìpù ló ń jò tàbí ilẹ̀ ló ń rin. Ó sì lè jẹ́ inú afẹ́fẹ́ ló wà, láti ara aṣọ tútù, omi gbígbóná àti ojú ọjọ́ tí kì í gbẹ. Ọ̀dà tó bá èkejì mu lè bó lára èkíní láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, kí ó sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá, inú ògiri ló ti wá. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá ló tutù tí abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, ti afẹ́fẹ́ ni. Ìyẹ̀fun funfun tó ń yọ lára ògiri náà kò ṣẹ̀yìn omi inú ògiri: iyọ̀ ara sìmẹ́ńtì ni omi ń gbé jáde. Kò sí ọ̀dà tó ń wo èyí sàn. Ẹ tún páìpù ṣe, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa ka ìyókù.

Ẹ́múlíṣọ̀n tí kì í dán àti sátììnì

Ẹ́múlíṣọ̀n tí kì í dán ló rọrùn jù láti kùn, ó sì máa ń bo àbùkù ògiri mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun inú rẹ̀ pọ̀ ju gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ lọ, nítorí náà ojú rẹ̀ ní ihò tóótòòtó tó ń fa omi àti ìdọ̀tí mu. Bí ẹ bá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ óò rí i pé ọ̀dà ti ń bá omi lọ.

Sátììnì, ìyẹn ọ̀dà olómi tó ń dán díẹ̀, ní gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Omi máa ń yọ̀ lójú rẹ̀, ó ṣeé nù, síbẹ̀ kò dí ògiri pa. Òun la máa ń mú fún ọ̀pọ̀ yàrá ìfọṣọ. Ẹ wo ara ike dáadáa: ohun tí ẹ ń wá ni «100% acrylic», ìyẹn ni pé acrylic nìkan ni gọ́ọ̀mù rẹ̀. Èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ PVA lásán máa ń rọ̀ tí omi bá ń kàn án lójoojúmọ́.

Sátììnì náà ní àléébù tirẹ̀. Ó máa ń fi gbogbo gọ́ńgọ́ṣọ ògiri hàn, pàápàá tí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ọ̀rinrin bá sì bá a kó tó gbẹ tán, ilà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lè ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ebu ni. Kì í ṣe ebu o. Èròjà bí ọṣẹ tó wà nínú ọ̀dà ló ń jáde. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ẹ má kun òmíràn lé e.

Sátììnì elépo àti gúlọ́ọ̀sì elépo

Nítorí pé gúlọ́ọ̀sì ń dán, tí omi kò sì wọ̀ ọ́, ó dà bíi pé òun ló yẹ. Lára igi, bẹ́ẹ̀ ni: ilẹ̀kùn, férémù àti ṣẹ́ẹ̀fù. Lára ògiri, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tí sìmẹ́ńtì bá ṣì tutù tàbí tuntun, èròjà inú rẹ̀ máa ń sọ epo ọ̀dà di bí ọṣẹ, ọ̀dà á wá rọ̀, á máa lẹ̀. Tí omi bá ń ti ẹ̀yìn wá, kò ní rí ọ̀nà jáde, á wú bí awọ ara tí iná jó. Ebu dúdú tún lè rí oúnjẹ nínú epo náà, funfun rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí yàrá kò bá ní ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ óò dúró wákàtí 16 sí 24 kí ẹ tó kun èkejì.

Ọ̀dà tó ń lé ebu

Sátììnì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n fi oògùn sí. Oògùn náà kì í pa ebu tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń dín kù bí ọdún ti ń lọ. Bí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta bá wà nínú yàrá, sátììnì lásán lè tó. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tó ní oògùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò fáànù: aṣọ ẹ̀rọ kan péré lè tú bíi lítà 2 omi sínú afẹ́fẹ́ bó bá ń gbẹ níbẹ̀.

Ẹfun àti epoxy

Ẹfun (láìmù tí a fi omi pò) nìkan la lè dárúkọ fún ògiri àtijọ́ tó ń rin díẹ̀díẹ̀ láti inú. Ó ń jẹ́ kí ògiri mí, pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe ń jó bí eérú) sì tó 12 nígbà tó bá ṣì tutù, ebu kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń kun aṣọ lára, kò sì ní mú lórí ọ̀dà àtijọ́. Epoxy olóríṣi méjì tí à ń pò pọ̀ le bí àwo, ibi tí omi ń ta sí lẹ́yìn àgbá ìfọṣọ ni ààyè rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò gba àsọdùn. Bí èyí tó ń mú un le bá dín, kò ní le láéláé. Lára ògiri tó rin, odindi ni yóò bó.

Iye tí ẹ óò rà àti bí ẹ óò ṣe kùn ún

Yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní 2, tó ga ní 2.7: ògiri rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 27. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó kù bíi 24.5. Lítà kan sátììnì ń kun bíi mítà 10, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì kíkùn á gba lítà 5. Púráímà, ìyẹn ọ̀dà tí à ń kọ́kọ́ kùn sábẹ́, ń kun bíi 8, ẹ ra lítà 3. Bí ẹ bá fẹ́ kun àjà, ẹ fi lítà kan ààbọ̀ kún sátììnì, kí púráímà náà sì di 4.

Ẹ má fi sáńpépà ha ebu gbígbẹ, á fò káàkiri yàrá. Ẹ da bílíìṣì ìwọ̀n kan pọ̀ mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi ra á, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ po bílíìṣì mọ́ ammonia tàbí ohun kíkan kankan. Èéfín rẹ̀ léwu. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ dúró ọjọ́ 28, kí púráímà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí agbára sìmẹ́ńtì kò lè bàjẹ́. Bí gúlọ́ọ̀sì bá ti wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, ẹ fi sáńpépà pa dídán rẹ̀, ẹ sì lo púráímà tó ń lẹ̀ mọ́ ojú tó ń yọ̀.

Wákàtí tí wọ́n kọ sára ike, ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò pọ̀ ni wọ́n fi ṣírò. Bí wọ́n bá kọ 2, ẹ dúró 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ju ìdá 85 nínú 100 lọ, ẹ sinmi iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má sá aṣọ nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má sì fọ ògiri títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé.

Àjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ṣẹ́kù ẹ́múlíṣọ̀n kùn. Ibẹ̀ gan-an ni ooru omi máa ń kọ́kọ́ gòkè lọ bá, ebu sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun rẹ̀. Sátììnì kan náà tí ẹ fi kun ògiri ni kí ẹ fi kun òun náà.