Law School Nàìjíríà: ṣé ó tó owó yẹn?

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba LL.B, ìyẹn oyè ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, ń bi mí léraléra pé báwo ni Law School ṣe rí, ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó lè di lọ́yà, ẹ jẹ́ n sọ tèmi lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi. Kámpọ́ọ̀sì Èkó ni mo ti ṣe é, èyí tó wà ní Ozumba Mbadiwe ní Victoria Island, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá pín yín sí lẹ máa lọ o, ó lè jẹ́ Bwari, ó lè jẹ́ Agulu, ó lè jẹ́ Yola, ẹ ṣáà máa di ẹrù yín.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń kọ́ èèyàn. Ní yunifásítì, ọdún márùn-ún la fi ń jiyàn, ẹlòmíì á parí tán kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ ẹyọ kan. Law School ò ráyè ìyẹn. Kọ́ọ̀sì márùn-ún péré ni, Civil Litigation (ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn), Criminal Litigation (ẹjọ́ ọ̀daràn), Property (ilé àti ilẹ̀), Corporate (ilé-iṣẹ́) àti Professional Ethics (ìwà tó yẹ lọ́yà), ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ ni. Ẹ máa kọ deed of assignment, ìwé tí wọ́n fi ń gbé ilé tàbí ilẹ̀ fún ẹlòmíì, títí ẹ ó fi máa lá a lálàá, tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ tán tẹ́ ẹ gbàgbé orúkọ lọ́yà tó ṣe é nísàlẹ̀, máàkì ti lọ nìyẹn. Criminal náà, ẹ ò lè sọ pé ọmọ Èkó ni yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ACJA 2015, òfin bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ń lò l'Ábújá kẹ́ ẹ tún mọ ti Èkó lọ́tọ̀, torí ìbéèrè lè gbé ẹjọ́ yẹn síbi tó bá wù ú.

Externship, ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ kọ́ṣẹ́ níta, ló dùn jù. Ẹ máa kọ́kọ́ lọ jókòó ní kọ́ọ̀tù, ẹ máa wo bí lọ́yà ṣe ń bẹ adájọ́ fún adjournment, pé kó sún ẹjọ́ síwájú (àwọn kan mọ ẹ̀bẹ̀ yẹn ju òfin lọ), lẹ́yìn náà ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà. Bàbá tí mo wà lábẹ́ wọn, mo jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ayálégbé tó jẹ gbèsè: èló lo jẹ, ọjọ́ wo lo máa san án, kí la máa ṣe tó ò bá san, wọ́n sáìnì ẹ̀, ó tán. Ṣé ẹ rí gbogbo gírámà tá a kó ti yunifásítì wá, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ máa kọ logbook yín, ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí, lójoojúmọ́ o, torí ẹ máa jókòó síwájú àwọn tó máa tú u wò.

Dínà wà, oúnjẹ alẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa jọ jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta, dandan ni. London la ti jí àṣà yẹn, torí kí wọ́n tó dá Law School sílẹ̀ ní 1962, òkè òkun làwọn lọ́yà wa ti ń ṣe é, látorí Sapara Williams ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ṣíwájú gbogbo wọn ní 1879. Bẹ́ ẹ ṣe ń hùwà nídìí tábìlì ni wọ́n ń wò, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ.

Ibi tí mi ò ti gba tiwọn ni èsì. Máàkì tó kéré jù nínú márààrún ló máa pinnu kíláàsì yín. Tẹ́ ẹ gba A mẹ́rin tẹ́ ẹ gba Pass, èyí tó kéré jù nínú àwọn tó yege, nínú ọ̀kan, Pass lẹ gbé délé! Mo mọ àwíjàre ẹ̀, pé oníbàárà ò ní mọ apá ibi tí lọ́yà ẹ̀ ò ti já fáfá, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ níta? Ẹni tó mọ Criminal bí ẹni mowó, ẹ wá fi Corporate dè é mọ́lẹ̀. Nítorí náà, èyí tẹ́ ẹ kórìíra jù ni kẹ́ ẹ máa fi àárọ̀ kà.

Owó ńkọ́? Ní 2023 wọ́n gbé e láti ₦296,000 lọ sí ₦476,000, wíìgì àti gáùn lọ́tọ̀. Ó wọ́n, àmọ́ fún iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe lónìí, ó tó o. Súùtù dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ rà á ní Yaba kẹ́ ẹ tó lọ, ojoojúmọ́ lẹ máa wọ̀ ọ́, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé Island.