Apá adìyẹ àti iyàn bọ́ọ̀lù ní Iowa City

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ iyàn gidi lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kó wá sí ilé oúnjẹ kan tí mo máa ń lọ ní Iowa City lọ́jọ́ Sátidé. Apá adìyẹ wọn máa ń gbóná fẹlifẹli, ata rẹ̀ sì dé ọ̀fun. Ànàmọ́ díndín wọn ló rọ̀ jù.

Àmọ́ iyàn ibẹ̀ ló ń fà mí. Ọ̀rọ̀ Brian Ferentz, ọmọ Kirk akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, tó ń darí ìkọlù (àwọn tó ń wá àmì) ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Yunifásítì Iowa nígbà kan, kò tíì tán lẹ́nu wọn. Bàbá kan ní wọ́n kàn ń bú u lásán ni, ṣebí wọ́n borí nígbà 10 lọ́dún 2023? Obìnrin kan lu tábìlì: "Àwọn tó ń dènà ló borí!" Ó mẹ́nu ba ìdíje pẹ̀lú ẹgbẹ́ South Dakota State lọ́dún 2022: Iowa borí pẹ̀lú 7 sí 3, field goal kan (gbígbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó, àmì 3), safety méjì (dídá alátakò tó mú bọ́ọ̀lù dúró ní òpin pápá tirẹ̀, àmì 2 lọ́kọ̀ọ̀kan), kò sí touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò) kankan. Ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo wà. Àdéhùn Brian lọ́dún 2023 béèrè àmì 25 ní ìpíndọ́gba nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tiẹ̀ dé 16.

Ẹ tètè dé o, àga kì í pẹ́ tán.