Ẹ ṣọ́ra fún oníwaya tó ń ta alumíníọ́mù lórúkọ bàbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí iná ọkọ̀ yín bá ń ṣe bàìbàì, tí ẹnì kan sì ní gbogbo waya rẹ̀ ló ti jó, ẹ má tíì ki ọwọ́ bọ àpò. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló ta waya "bàbà gidi" fún mi. Bàbà wo? Ẹ fi ọ̀bẹ họ ojú rẹ̀, funfun báláú ni inú rẹ̀. Alumíníọ́mù ni! Bàbà tó wà lójú rẹ̀ kò nípọn tó awọ àlùbọ́sà.

Kí ló tilẹ̀ ń ṣe ọkọ̀ mi náà? Iná iwájú lọ́wọ́ òsì ń ṣe bàìbàì, ti ọ̀tún ń tàn dáadáa. Lẹ́yìn, bí a bá tẹ bíréèkì, tíráfíkétọ̀, iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà, á máa tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Áàtì pọ́ńbélé nìyẹn, waya tó ń dá iná padà sí bọ́dì! Bí iná kò bá rí ọ̀nà padà sí bọ́dì, inú gílóòbù mìíràn ni yóò gbà. Bóòtì tó de áàtì mọ́ bọ́dì ló dípẹtà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kí á tú u, kí á fi sáńpépà họ ọ́ títí irin á fi dán, kí á dè é padà, kí á fi gírísì bò ó, ó parí. Ọkùnrin yìí mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Waya ló tà, ó ta alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, ó tún ta gílóòbù 100W lé e.

Gílóòbù yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. H4, irú gílóòbù iná iwájú tó bá ọkọ̀ yẹn mu, 55W ni nígbà tí iná bá wolẹ̀, 60W nígbà tó bá wo ọ̀ọ́kán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, inú súìsì ni gbogbo iná yẹn ń gbà tààrà, kò sí relay, súìsì kékeré tó ń bá súìsì ọwọ́ gbé iná ńlá. 55W ń fa bí ampere 4.6, 100W ń fa 8.3, méjì rẹ̀ ti lé ní 16. Ó wá gbé e sórí waya alumíníọ́mù, tí kì í gbé iná ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti bàbà lọ! Súìsì yọ́. Ike ẹ̀yìn gílóòbù yọ́. Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ọkọ̀.

Ojú ń tì mí, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló ń bó waya wò níwájú ẹni tó ń tà á? Wọ́n kọ COPPER gàdàgbà sára rẹ̀!

Ẹ ra mítà tí a fi ń wọn iná. Bátìrì tó kún, 12.6V nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.5V. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ má ra alternator kankan. Ẹ tan iná, ẹ fi ẹnu mítà kan sí òdì bátìrì, èkejì sí áàtì gílóòbù: bó bá ju 0.5V lọ, áàtì ni. Ẹni tó bá fẹ́ relay, nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀: 30 sí bátìrì, kí fíúsì 15A wà nítòsí bátìrì, 87 sí gílóòbù, 86 sí súìsì, 85 sí bọ́dì. Kí gílóòbù má ju 60/55W lọ.

Wọ́n ní olóòótọ́ wà láàárín wọn. Kí olóòótọ́ náà bó waya rẹ̀ lójú mi, kó sì tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Alumíníọ́mù kì í pẹ́ ṣẹ́. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Ẹ sì gba ohun àtijọ́ yín padà, ẹ fi àmì sí i kí wọ́n tó tú u. Alternator tó gbà lọ́wọ́ mi pé ó ti kú, ó ti kùn ún lọ́dà, ó sì ti gbé e sórí tábìlì, ó ń tà á fún ẹlòmíì.