Kíláàsì zen tó wà ní Bódìjà: ó dáa, àmọ́ ẹ má lọ wá ìran síbẹ̀ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè nípa kíláàsì àṣàrò zen, ìyẹn kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kó máa fiyè sí èémí, tí wọ́n ń ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bódìjà láràárọ̀ Sátidé, mo ti ń lọ ó ti ṣe díẹ̀, ó dáa gan-an. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni lẹ́ẹ̀kan, tìmùtìmù wà ńlẹ̀, àga sì wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Ohun tó jẹ́ kí n gba tiwọn ni pé bọ̀dá tó ń kọ́ wa kì í ṣèlérí. Ẹ ṣáà ń rí àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú inú ẹ á là, kó o ṣáà ti sanwó. Màmá kan bi bọ̀dá pé ìgbà wo gan-an ni tòun máa là, ó ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yìn yín ti tẹ̀, ẹ nà án ná." Ló bá ṣàlàyé Dōgen fún wa, mọ́ńkì ará Jàpáànì tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà tó padà sílé ní 1227, òun ló ní jíjókòó yẹn àti ìlàlóye, ọ̀kan náà ni, èèyàn ò jókòó lónìí torí kó lè rí i gbà lọ́la. Àwọn Rinzai, ẹ̀ka zen mìíràn, ní tiwọn máa ń fún èèyàn ní ìbéèrè tí làákàyè ò lè tú, bí èyí tí Hakuin, ọ̀gá kan láàárín wọn, bèèrè pé kí ni ìró ọwọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì gbà pé ojú lè là lójijì, àmọ́ Hakuin fúnra ẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé tó bá là tán, iṣẹ́ ṣì kù.

Jíjókòó ọ̀hún wá ńkọ́? Ojú ò ní dì pátápátá, ọwọ́ òsì á wà lórí ọ̀tún, àtàǹpàkò méjèèjì á kàn fara kanra fẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá já sílẹ̀, oorun ti ń gbé ẹ nìyẹn, tí wọ́n bá ń ti ara wọn sókè, o ti ń ronú jù. Wàá máa ka èémí láti ení dé ẹ̀wá, tó o bá sọnù, padà sí ení. Ọ̀pọ̀ wa ò tíì dé ẹẹ́rin tí ọkàn á ti gba Gbági lọ, á ti máa ná aṣọ, bọ̀dá ní ká padà ni, kì í ṣe ká máa bú ara wa, ìpadà yẹn gan-an niṣẹ́.

Inú ẹ̀sìn Búdà ló ti wá, wọn ò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ère níbẹ̀, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ la jọ ń jókòó.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn apẹ́lẹ́yìn tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n wọlé láàárín ìdákẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn á máa han, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tì í tí agogo bá ti dún. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì náà ń pariwo, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wọ ṣòkòtò tó gbòòrò, ẹ má sì jẹ àmàlà yó kẹ́ ẹ tó wá.