Abẹ́rẹ́ Àlẹ́jì ní Adó-Èkìtì: Ohun Tí Owó Yín Ń Rà

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń gba abẹ́rẹ́ àlẹ́jì, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fún ara ní díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí kò bá a mu títí yóò fi mọ́ ọn lára, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ wọn ṣe rí fún ẹni tó bá ń ronú láti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n ti pè mí ṣáájú pé kí n dá Piriton, oògùn tí mo fi ń dẹ àlẹ́jì, dúró fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé oògùn náà lè bo èsì àyẹ̀wò mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n kán oríṣiríṣi omi sí apá mi, wọ́n sì fi ohun ṣóńṣó kan gún ara fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lábẹ́ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ibi tí wọ́n kán ti kòkòrò inú eruku sí fi wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ọyẹ́ ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi fún imú dídà àti ojú yíyún, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tíntìntín yìí, tó ń gbé inú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí, ibi tó lọ́rinrin ló fẹ́ràn.

Ìtọ́jú náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1911 ni dókítà Leonard Noon, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń gún àwọn aláìsàn ní omi tí a fà jáde lára lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko. John Freeman, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì bá a tẹ̀ síwájú. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tó kéré jọjọ, wọ́n á máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù 3 sí 6, lẹ́yìn náà ni yóò wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ọdún 3 sí 5. Abẹ́ awọ ara apá òkè ni wọ́n ń gún un sí, ìrora rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé ń bá jà kò gbọdọ̀ náwó sí i, nítorí kì í ṣe fún àlẹ́jì oúnjẹ.

Ìdúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni mo fi ń díwọ̀n ilé ìwòsàn fún irú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni tiwọn ti yege. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi jókòó, torí pé bí ara bá fẹ́ kọ abẹ́rẹ́ náà lọ́nà tó léwu, tí ọ̀fun ń fún tàbí tí èémí ń há, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n adrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń dóòlà ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, wà lórí tábìlì, wọn kò tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá kan tí ọkọ̀ Ìkọ̀lé ń dúró dè fẹ́ dìde kí àkókò tó pé. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ mìíràn á wá,” ó sì mú rúlà, ó fi wọn ibi tó wú lápá wọn, ó kọ ọ́ sínú káàdì. Kí wọ́n tó gún wa rárá, wọ́n á kọ́kọ́ bi wá bóyá a sín tàbí wúkọ́ mọ́jú. Ẹni tí ikọ́ fée (asthma) rẹ̀ kò bá rọlẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá. Wọ́n tún ń béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ènìyàn ń lò, nítorí pé àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí adrenaline ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ti oògùn tó máa ń tán. Inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni ó gbọ́dọ̀ wà. Sólà wọn sì ń gbé fíríìjì náà dáadáa bí iná bá lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó ń kó o wọlé bá pẹ́, tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ sì kọjá, wọ́n á dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ẹni kù kí wọ́n tó tún máa fi kún un padà, owó sì ni gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi kí n tó san owó àkọ́kọ́, wọn kò sì kọ iye tí gbogbo ìtọ́jú náà máa jẹ síbì kan. Imú mi ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì ní dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè iye ìgò tó wà nílẹ̀.