Pílásítà àti ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì fún ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ

Ọjà méjì tó ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: pílásítà nikotíìnì (èròjà inú sìgá tó ń di bárakú) tí a ń lẹ̀ mọ́ apá láràárọ̀, àti ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì tí a ń jẹ nígbà tí sìgá bá ń wuni mu lójijì. Àbúrò mi ọkùnrin ló lo méjèèjì pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní sikisofíríníà, tó sì ń lo oògùn clozapine fún un. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló gbà pé sìgá nìkan ni ìtura tó kù fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀, àti pé bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àìsàn náà yóò tún gbéra sọ. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Pílásítà oní-mílígíráàmù 21 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un, èyí tó wà fún ẹni tó ń mu ju sìgá 10 lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn náà a máa sọ̀ kalẹ̀ sí 14, ká tó dé 7. Ó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́ láti ara awọ fún wákàtí 24. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń mú kí àlá le lóru, èyí tí kò dára fún ẹni tí oorun rẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀, nítorí náà a máa ń yọ ọ́ kó tó sùn. Awọ náà a máa yún un, àfi ká máa pààrọ̀ ibi tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ṣingọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ gba ẹ̀kọ́. Bí ó bá ti ń ta lẹ́nu bí ata, ẹ dáwọ́ jíjẹ dúró kí ẹ sì fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ láìdúró, òsúkè àti inú rírú ni yóò kó bá ara rẹ̀. Kọfí àti omi èso kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tí oògùn ń kùn lóorun kì í fi kọfí ṣeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Èéfín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì inú rẹ̀, ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lo clozapine àti olanzapine, oògùn ọpọlọ mìíràn, tán nínú ara, débi pé amusìgá sábà máa ń nílò ìwọ̀n oògùn tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìwọ̀n tó bá a mu tẹ́lẹ̀ lè di àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì fa oorun àsùnjù, òòyì, itọ́ dídà lẹ́nu, àní gìrì pàápàá. Pílásítà kò lè dí àyè èéfín ní ti èyí. Nínú ìwé tó wà nínú páálí tí a rà, orúkọ clozapine wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní, ẹni tó sì tà á fún wa kò béèrè oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò. Nọ́ọ̀sì àbúrò mi ló ní ká dúró ná. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn, dókítà sì dín oògùn náà kù.

Ní ti ìbẹ̀rù pé orí á tún dàrú, ìwádìí EAGLES ti ọdún 2016 kó ènìyàn tó lé ní 8,000 jọ, ìdajì wọn àti díẹ̀ sì ni àìsàn ọpọlọ ti bá fínra. Pílásítà, àti varenicline òun bupropion tí wọ́n jẹ́ oògùn oníhóró fún jíjáwọ́ nínú sìgá, kò dá wàhálà ọpọlọ sílẹ̀ lọ́nà tó hàn gbangba ju oògùn asán tí wọ́n fi ṣe àfiwé lọ.

Síbẹ̀, ọjà nìkan kò tó. Nínú ìwádìí SCIMITAR+ tí wọ́n ṣe fún 526 aláìsàn ọpọlọ tó ń mu sìgá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, 14 nínú 100 àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ ń tẹ̀ lé tímọ́tímọ́ ló ti jáwọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí ó jẹ́ 6 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń fúnni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, àlàfo náà ti dín kù.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á ránṣẹ́ sílé, kó rí i dájú pé dókítà tó ń kọ oògùn fún aláìsàn náà mọ̀ nípa rẹ̀, kó sì tún mọ̀ bí ó bá padà sídìí sìgá. Bí apá bá ká a, kó ra méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, pílásítà ni kó mú.